Ta Ló Ń Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alùpùpù Kester?

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹni tó bá gbé nǹkan kaná, kó yáa lọ sọ ọ́ kalẹ̀, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ara mi ni o. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan.

Merrin lorúkọ mi. Clyde Dunstall ni bàbá mi, oko àgùntàn wa sì wà ní Ventnor, ní erékùṣù Phillip, níbi tí wọ́n ti ń sá eré alùpùpù ńlá yẹn. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa, a máa ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì ju ariwo òkun lọ. Tó bá ti di oṣù kẹwàá, bàbá mi á kó àwọn àgùntàn lọ sí pápá ẹ̀yìn, á ṣí géètì iwájú sílẹ̀, àwọn oníalùpùpù á sì wá pàgọ́ síbẹ̀. Òmíì á ti Melbourne wá, òmíì á ti Adelaide wá, tí ẹ̀yìn á máa ro ó, tí kò sì ní gbà pé ẹ̀yìn ń ro òun.

Bàbá mi wá ní ìwà kan. Láàárọ̀ Sátidé eré, tí gbogbo wọn bá ṣì ń hanrun nínú àgọ́, á gbé kọ́ọ̀bù tíì dání, á máa bẹ̀rẹ̀ wo táyà alùpùpù wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń gun ọ̀nà òkè, tó ń tẹ alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà, eteetí táyà ẹ̀ ló máa jẹ. Ẹni tó jẹ́ pé títì gbọọrọ ló ń gùn, àárín ló máa jẹ. Tẹ́nì kan bá wá ń fọ́nnu nídìí bíà lálẹ́ pé kò sí kọ́nà tí òun ò lè gbà, bàbá mi á kàn rẹ́rìn-ín sínú ife ẹ̀. Á ní, "Mo ti bá táyà ẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀." Gbogbo àwọn àgbà erékùṣù wa ló ń ṣe é. Bí àwọn kan ṣe ń wo bàtà àlejò, táyà ni tiwa.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe pàdé Kester.

Èṣí ni. Kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Siberia ni mo ti máa ń wòran, torí afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun wá síbẹ̀ kò mọ ẹni tó wọ kóòtù. Tó o bá ti tẹ́ tapólì ẹ láàárọ̀, tó o gbé òkúta lé e, ààyè ẹ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀, kódà kó o lọ títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ yẹn, òkúta mi ò wúwo tó. Mo lọ ra mítípáì, mo padà dé, tapólì ti fò lọ. Mo wá a títí, ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti rí i, ọkùnrin kan sì nà gbalaja lé e lórí, ó na ọwọ́, ó na ẹsẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tapólì mi lẹ sùn lé yẹn."

Ó ní, "Mi ò sùn. Mo ń dì í mú ni. Ó ti fẹ́ fò wọ ojú eré."

"Àtìgbà wo lẹ ti ń dì í mú?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé mo ti kú. Ìyá kan tiẹ̀ fẹsẹ̀ tì mí wò."

Báwo ni mi ò ṣe ní rẹ́rìn-ín? Mo pín mítípáì sí méjì, mo fún un ní ìdajì. Kester Moyle lorúkọ ẹ̀, ó ń gbé ní Yarram, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún wàrà màlúù ló ń tún ṣe. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn ń pariwo fún àwọn tó wà níwájú. Òun, ẹni tó kẹ́yìn pátápátá ló ń pariwo fún. Tẹ́ni yẹn bá ti yọ, á dìde, á máa ju fìlà.

"Kí ló dé tó jẹ́ ẹni ìkẹyìn lẹ̀ ń pariwo fún?"

"Àwọn tiwájú ti mọ̀ pé wọ́n ń wo àwọn. Èyí ò mọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti yọ́. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo rí tí mo gbójú kúrò níbẹ̀. Wọn ò tíì gbé ife fún ẹni tó gbégbá orókè tó fi dìde. Ó ní, "Ẹnì kan ń dúró dè mí." Ó wá yára yí i padà, ó ní, "Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ló ń dúró dè mí." Mo ní kò sóhun tó burú, iṣẹ́ ni.

Látìgbà náà ló ti ń wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, lọ́jọ́ Sunday, á dé ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Lorna ní Cowes. Àǹtí Lorna yìí, àbúrò bàbá mi ni, ẹja díndín ló ń tà, òun ló sì gba iṣẹ́ alárinà ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Á gbé ẹja tó tóbi jù síwájú wa, á lọ dúró sẹ́yìn káńtà, á máa nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ kó lè máa gbọ́ wa.

Bàbá mi ní tiẹ̀ ò gbà. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáa, mi ò sọ pé kò dáa. Àmọ́ kí ló dé tí kì í wá ní Sátidé?"

Mọ́mì mi tó ń jẹ́ Val ní, "Kí ló dé tí ò mú ọmọ wa délé ẹ̀ rí?"

Àǹtí Lorna ní, "Ẹ̀yin tọkọtaya yìí, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ kàn ń fi ara yín ṣòfò nídìí àgùntàn."

Èmi ń gbèjà ẹ̀. Kí n parọ́ fún yín? Mò ń gbèjà ẹ̀ níta, mo wá ń bá a ṣẹjọ́ nínú ọkàn mi. Mo bi í nípa Sátidé, ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń gun ọ̀nà Grand Ridge, orí òkè lọ́hùn-ún tó jẹ́ kìkìdá kọ́nà. Mo bi í nípa ilé, ó ní òun ṣì ń kùn ún. Ilé wo ni wọ́n ń kùn fún oṣù mẹ́jọ? Tí fóònù ẹ̀ bá dún, á dìde, á lọ dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá pàǹtí tó wà níta, á sì kẹ̀yìn sí mi. Mo máa ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ mọ bí ẹ̀yìn ọkùnrin ṣe máa ń rí tó bá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀? Á tẹ̀ síwájú díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ń wá nǹkan tí mo máa fi nu ìjókòó alùpùpù ẹ̀ torí òjò ti pa á. Mo ṣí abẹ́ ẹ̀, ìbọ̀wọ́ obìnrin ni mo rí, kékeré, tí wọ́n ya òdòdó sí.

"Ta ló ni èyí?"

"Mo he é lójú títì ni."

"Ẹyọ kan?"

"Méjèèjì."

"Méjèèjì jọ já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo?"

Ó ní, "Merrin, ẹja ẹ ti ń tutù." Mo sì lọ jẹ ẹja. Ẹ má bú mi, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ó wá ku díẹ̀ kí eré tọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní tí eré bá parí lọ́jọ́ Sunday, òun máa wá bá bàbá mi nínú ilé, òun máa tọrọ mi. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn. Nígbà tí mi ò sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, inú mi ò dùn mọ́.

Ó dé lọ́jọ́ Friday, ó pàgọ́ sí pápá wa láàárín àwọn tó kù. Àárọ̀ Sátidé, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, mo gbọ́ ohùn bàbá mi lábẹ́ fèrèsé.

"Merrin, wá báyìí. Má wọ bàtà tó ń pariwo."

Mo bá a níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí, nídìí alùpùpù Kester. Kester ń sùn nínú àgọ́ tí kò jìnnà síbẹ̀, à ń gbọ́ mímí ẹ̀.

"Wo táyà ẹ̀yìn yìí. Kí lo rí?"

"Àárín ẹ̀ ti jẹ."

"Ó ti jẹ pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Wo eteetí ẹ̀. Irun rọ́bà tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá ṣì wà lára ẹ̀. Táyà yìí ò gba kọ́nà kankan láyé ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wo ló ń bá gun òkè?"

Mo fi ìka kan eteetí náà.

"Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Bọ́ sí apá òsì." Ó fi ìka kan irin mẹ́rin lábẹ́ alùpùpù náà. Ọ̀dà ti bó lójú kọ̀ọ̀kan wọn, irin ń dán, gíríìsì tútù wà nínú ihò nọ́ọ̀tì. "Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń dè síbí. Èyí tó ní ẹsẹ̀ tiẹ̀, tí èèyàn máa ń wọnú ẹ̀ jókòó bí ẹni wọ ọkọ̀ ojú omi. Alùpùpù tí wọ́n bá so ó mọ́ ò lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí táyà fi jẹ báyìí. Ó ń tú u kúrò kó tó wá sọ́dọ̀ ẹ."

Ó mu tíì ẹ̀ díẹ̀. Kò bínú rárá, ìyẹn ló jẹ́ kẹ́rù bà mí.

"Ọkùnrin tó ń tú ìjókòó kúrò kó tó lọ rí ọmọge, ìbéèrè kan péré ni mo ní fún un. Ta ló ń jókòó síbẹ̀?"

"Dádì, bóyá ẹrù ló fi ń kó."

"Ẹrù tó ń wọ ìbọ̀wọ́ olódòdó?"

Àǹtí Lorna ti sọ fún un. Ẹ̀yin náà ẹ wo alárinà.

"Má bi í ní nǹkan kan," bàbá mi ní. "Ìwọ ṣáà máa wò ó."

Ìgbà tí Kester jí, ó kí mi, ó fẹnu kò mí lẹ́nu, ó ní òun ò ní lè bá mi wòran lónìí torí àwọn ará ibi iṣẹ́ òun wà lápá ibòmíì. Mo ní kò burú. Mo lọ yọ awò awọ̀nàjíjìn bàbá mi kúrò níbi tó gbé e kọ́, awò tó fi ń wá àgùntàn tó bá sọnù, mo sì lọ jókòó sí Siberia.

Kì í ṣe eré gan-an ni wọ́n ń sá ní Sátidé, wọ́n ń wo ẹni tó máa wà níwájú lọ́la ni. Síbẹ̀ gbogbo èèyàn ti kún. Tí alùpùpù bá ń bọ̀, gbogbo orí á yí sọ́tùn-ún, á bá a yí lọ sósì, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń tẹ koríko. Orí tèmi nìkan ni kò yí. Mo gbé awò sójú, mò ń wo òkè Lukey tó wà lódìkejì.

Mo rí i. Kester kúnlẹ̀ sórí koríko. Obìnrin kan jókòó síwájú ẹ̀ lórí àga, ó fi ìborùn wé orí àti ojú torí òtútù, wọ́n da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀. Kester ń so okùn bàtà ẹ̀. Nígbà tó so ó tán, ó bu tíì fún un, ó fẹ́ ẹ kó tó gbé e fún un. Èmi, kò fẹ́ tíì mi tútù rí.

Lálẹ́ mo ní, "Àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Dáadáa ni wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí ẹ."

"Kí lorúkọ wọn?"

Ó ronú díẹ̀. "Trevor."

"Gbogbo wọn?"

Ó ní oorun ń kun òun. Mo lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Lorna, mo sọkún lórí káńtà ẹ̀. Ó gbé ẹja síwájú mi. Mo ní mi ò jẹ. Ó ní, "Á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí le lóòótọ́. Gbọ́. Má lọ bá ọkùnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ ló máa fi yí ẹ lórí. Obìnrin yẹn ni kó o lọ bá. Lọ bá a lójúkojú kí bàbá ẹ tó gba ọtí lọ́wọ́ ẹni tó níyàwó sílé."

Ọjọ́ Sunday pé. Eré ti bẹ̀rẹ̀, ariwo ti gba gbogbo ilẹ̀. Mo fi awò ṣọ́ Kester títí ó fi sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, mo sì gbéra. Mo gba ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, mo gun òkè Lukey. Mo ti to gbogbo èébú tí mo máa bú u sẹ́nu. Mo ti tún un tò lẹ́ẹ̀mejì.

Mo dé ẹ̀yìn àga ẹ̀. Kò tiẹ̀ yíjú padà. Ó ní, "Jókòó. Ìrìn yẹn jìn. Mo ti ń wò ẹ́ bọ̀ látìgbà tó o ti kúrò ní Siberia."

Awò wà lórí itan tiẹ̀ náà, ó tóbi ju tèmi lọ. Ó ṣí ìborùn kúrò lójú. Ẹ gbọ́ mi o, ìyá arúgbó ni. Irun ẹ̀ ti funfun láúláú. Gbogbo èébú tí mo tò, ọmọge ni mo tò ó fún.

"Mà, ẹ mọ̀ mí ni?"

"Ìwọ tó o gbé awò kọjú sí mi látàná. Gbogbo ayé ń wo alùpùpù, ìwọ nìkan lò ń wo arúgbó. Ta ló lè jẹ́ bí kì í bá ṣe ẹni tí Kester ń lọ rí?"

Mo jókòó sórí koríko. Mo ní, "Ẹ dákun mà, ṣé ẹ̀yin ni ìyá Kester?"

"Rárá o. Ìyá ìyàwó ẹ̀ ni mí."

Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni gbogbo alùpùpù yẹn yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gun òkè, wọ́n ń bú ramúramù, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ mi. Èèyàn ò lè gbọ́ ohùn ara ẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn létí mi, ìyàwó ẹ̀, ìyàwó ẹ̀, títí ẹni tó kẹ́yìn fi kọjá. Ìyá yẹn ju ọwọ́ sí ẹni ìkẹyìn yẹn. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìyàwó ẹ̀ tó kú," ó ní. "Kí ọkàn ẹ balẹ̀."

Iris Tolmie lorúkọ ìyá náà, ìyá Iris ni mo ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Bridie, ni Kester fẹ́. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ló pa á, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Kó tó kú ló ti sọ fún Kester pé kó má fi ìyá òun sílẹ̀ lóun nìkan, torí ẹsẹ̀ ìyá náà ò gbé e dáadáa mọ́. Látìgbà yẹn, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ní Sátidé, Kester á gbé e sínú ìjókòó ẹ̀gbẹ́, wọ́n á gba títì gbọọrọ lọ sí Sale, ìyá náà á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n á yà síbi sàréè Bridie, wọ́n á padà sílé.

Alùpùpù tún dé. A dákẹ́. Wọ́n lọ.

"Ó sọ fún mi pé iṣẹ́ lòun ń lọ lọ́jọ́ Sunday," ó ní. "Lóòótọ́ ẹ̀rọ wàrà máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ Sunday. Àmọ́ ta ló ń fín lọ́fíńdà nítorí màlúù?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

"Má rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn ẹ."

"Kí ni mo fi ṣe yín, mà?"

"O ò tíì ṣe nǹkan kan. Mò ń retí ẹ̀ ni. Mo ti bèèrè oko tó lọ pàgọ́ sí: ọmọ onílẹ̀, ọmọ olóko ni ẹ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tó o bá wọlé yẹn, ilé àwọn arúgbó ní Sale ni wọ́n máa gbé mi lọ. Wọ́n á fún mi ní ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, wọ́n á ní kí n sùn nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè." Ó fa búláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè, ìbọ̀wọ́ olódòdó yẹn ló wọ̀. "Ìdí tí mo fi gbé awò nìyẹn. Mo fẹ́ rí ojú ẹni tó fẹ́ lé mi jáde."

Kí ni kí n sọ? Mo ti rìn gba gbogbo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì wá torí pé mo rò pé ó fẹ́ gba ọkọ mi. Òun náà jókòó láti àná, ó rò pé mo fẹ́ gba ilé òun.

Ibi tá a wà nìyẹn tí Kester fi yọ, ó gbé pòtétò díndín dání lọ́wọ́ méjèèjì. Ó rí mi. Àwọn ẹyẹ òkun bà lé pòtétò náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, kò lé wọn.

Mo ní, "Trevor, ẹ ǹlẹ́ o."

"Merrin, jọ̀ọ́..." Alùpùpù dé, a rí i tí ẹnu ẹ̀ ń ṣí tó ń pàdé, a ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n lọ, ó ti ń sọ ìparí ẹ̀. "...ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nìyẹn."

Ìyá Iris ní, "A ò gbọ́. Bẹ̀rẹ̀ látòkè."

Ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó ní obìnrin àkọ́kọ́ tóun sọ ọ́ fún ò gbé fóònù òun mọ́. Ìkejì ní òun ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ti ní ìyá ìyàwó sílé. Ìdí nìyẹn tóun fi ní kí n kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ òun ná.

Mo ní, "Kó o fi ìfẹ́ dè mí mọ́lẹ̀, kó o wá já ẹrù lé mi lórí?"

Ìyá Iris ní, "Ẹrù wo?"

"Ẹ má bínú mà. Òun ni mò ń bá wí."

"Èmi ńkọ́, Kester? Kí ló dé tó o parọ́ fún èmi?"

Ó ní, "Torí ọjọ́ tí obìnrin ìkejì wá sílé, ẹ di báàgì yín. Ibùdókọ̀ ni mo ti lọ gbé yín. Mi ò fẹ́ lọ wá yín ní ibùdókọ̀ mọ́."

Ìyá yẹn gbójú sílẹ̀. Àwọn alùpùpù dé fún ìgbà ìkẹyìn, gbogbo òkè dìde, wọ́n ń pariwo, ẹnì kan gbégbá orókè, mi ò mọ ẹni náà títí dòní. Mo dìde dúró pẹ̀lú àwọn èèyàn yẹn, mò ń wo ojú Kester. Ẹni tó ń parọ́ torí pé ó ń káàánú èèyàn, ṣé olójú àánú ni àbí òpùrọ́? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀. Tó bá lè fi ọdún kan gbáko pa irọ́ tó mọ́ báyìí, kí ló tún lè pa?

Mo ní, "Ṣó o ṣì fẹ́ wá bá bàbá mi lónìí?"

"Mo fẹ́."

"Lọ so ìjókòó yẹn padà. Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Tó o bá dá wá, má wá."

Mo lọ sílé. Mọ́mì mi ti tẹ́ tábìlì, Àǹtí Lorna ti kun ètè. Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún wọn. A jókòó. Tíì tutù, Mọ́mì mi se òmíì, ìyẹn náà tutù. Àwọn tó pàgọ́ ń tú àgọ́ wọn, wọ́n ń lọ níkọ̀ọ̀kan.

Bàbá mi wo ojú fèrèsé. "Afárá kan ṣoṣo ló jáde nínú erékùṣù yìí. Tó bá tètè lọ, á ti kọjá ẹ̀."

Àǹtí Lorna ní, "Clyde, pa ẹnu ẹ dé."

"Mò ń sọ ọ̀rọ̀ nípa afárá ni."

Gbogbo alùpùpù tó bá dún, màá nàró. Gbogbo ẹ̀ ló ń lọ, kò sí èyí tó ń bọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ́ọ̀bù nílẹ̀ kí wọ́n má baà rí ojú mi, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀kan tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ó wọ géètì wa. Ìjókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyá Iris wà nínú ẹ̀, ó dé akoto, ó gbé báàgì ẹ̀ lé itan. Kester sọ pé ohun tó jẹ́ káwọn pẹ́ ni nọ́ọ̀tì kan tó sọnù ní San Remo, lódìkejì afárá, níbi tí ìyá Iris sùn sí tí wọ́n sì gbé ìjókòó náà pa mọ́ sí. Bàbá mi kọjá lára ẹ̀ láìkí i, ó bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fọwọ́ mi ìjókòó náà wò.

"Ó dè é dáadáa," ó ní. Ó dìde. "Ọ̀gbẹ́ni, o parọ́ fún ọmọ mi fún ọdún kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Kí ló máa jẹ́ kí n fún ẹ ní ọmọ mi?"

Ìyá Iris ló yọ akoto lórí. Ó na ọwọ́ sí bàbá mi pé kó gbé òun dìde, bàbá mi sì gbé e, torí pé kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ó dúró sínú àgbàlá wa, ó di apá bàbá mi mú.

"Ọ̀gbẹ́ni Dunstall," ó ní, "mo bí ọmọ kan, mo fún ọkùnrin yìí. Ó tọ́jú ẹ̀ títí ó fi kú, mo wà níbẹ̀. Kò ní ìyá, kò ní bàbá tó máa bá a sọ̀rọ̀. Èmi ló kù. Mo wá tọrọ ọmọ yín fún un."

Mọ́mì mi bú sẹ́kún. Àǹtí Lorna náà ń sunkún, ètè tó kùn ti dé àgbọ̀n. Bàbá mi ń wo ọwọ́ arúgbó yẹn lára apá ẹ̀.

"Èmi ò tíì gbà," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ fẹ́."

Gbogbo wọn wá kọjú sí mi. Ìyá Iris ní, "Ìwọ ńkọ́? Mo di báàgì mi wá. Tó o bá ní o ò fẹ́ mi nílé yẹn, sọ ọ́ níbí, ọkọ̀ ṣì wà ní Cowes."

Mo ní, "Ẹ gbé báàgì yín wọlé, mà. Tíì lẹ máa kọ́kọ́ mu. Mo gbà."

Òun ni mo dá lóhùn o, ẹ ṣàkíyèsí. Kester náà rò pé òun ni, ó fò sókè, inú ẹ̀ dùn, mi ò sì já a kulẹ̀.

Ó dáa. Ìgbéyàwó wa ku ọ̀sẹ̀ kan. Yarram ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ ìyá Iris, mo wá bá a gbá ilé. Wọ́n kùn ún lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe irọ́. A ti mọ ara wa dáadáa, ó ti ní òun fẹ́ràn mi díẹ̀. Láàárọ̀ yìí Kester fẹnu kò mí lẹ́nu, ó ní òun ń lọ ra nọ́ọ̀tì ní Sale, òun ò ní pẹ́. Ó ti pẹ́. Mo wá bi ìyá Iris nínú kíṣìnì pé nọ́ọ̀tì wo ló ń rà látàárọ̀.

Ó gbé ọ̀bẹ tó fi ń bó pòtétò sílẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀tì kẹ̀? Ó sọ fún mi pé dókítà eyín lòun ń lọ rí."

Ó lè jẹ́ ẹ̀bùn ìgbéyàwó ló lọ rà. Ó lè jẹ́ nǹkan míì. Àwa méjèèjì ti gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà báyìí, a gbé awò wa dání, à ń wo títì. Òrùka wà lọ́wọ́ mi, aṣọ ìgbéyàwó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá mi débí, ẹ sọ fún mi kó tó dé: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ̀ bá ṣe?